Bí Nọ́ọ̀sì Ellen Ṣe Kọ́ Àwọn Ọlọ́pàá Láti Bá Àgbà Rìn

Ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ ni Nọ́ọ̀sì Ellen. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ellen nígbà tó gba ẹ̀sìn Ọjọ́ Keje, àwọn tó ń sinmi ní Sátidé, ṣùgbọ́n Modúpẹ́olúwa ni ìyá rẹ̀ ń pè é títí tí ìyá náà fi kú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní Òde, ní Ìpẹ̀rú, ní Ìkẹ́nnẹ́ tó fi ṣe ibùgbé, ṣàṣà ni agbo ilé tí kò ti ní sí géńdé kan tó jẹ́ pé ọwọ́ Ellen ló kọ́kọ́ bọ́ sí kó tó bọ́ sí ọwọ́ ìyá tó bí i. Kì í pariwo. Bí aboyún bá ń ké, á ní, “Ọmọ mi, ariwo kì í bímọ. Mí sínú.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ rẹ̀, Alàgbà Oyèbọ̀dé. Òun ló kan gbogbo àga gbọọrọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun náà ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí aago méje bá ti lù ní Sátidé, Alàgbà á ti wọ kóòtù dúdú, á ti de táì, Bíbélì á ti wà lábíyá. Ó ní kò yẹ kí ènìyàn wá sílé Ọlọ́run kó wá dúró sí ìta bí ẹni wá sin gbèsè.

Ọdún 1994 ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ dà bí eré. Á máa wá ayùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á wọn pákó, á tún un wọn, á tún un wọn, pákó á kan dúró síbẹ̀ di ọ̀la. Ellen ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tó ti ilé ìdáná jáde tó bá a níwájú dígí, tó ń de táì.

“Bàbá Démiládé, níbo lẹ̀ ń lọ?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn lọ́jọ́ Ìsinmi?”

“Ọjọ́ Ajé la wà o.”

Alàgbà yí ojú sí i, ó sì fi àánú wò ó. “Ellen,” ó ní, “o ti ń gbàgbé nǹkan. Máa sinmi dáadáa.”

Látọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ló di ọjọ́ Ìsinmi lójú Alàgbà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: àìsàn ọpọlọ ni, ohun tí àwa ń pè ní arán. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ Ellen bí wọ́n ṣe ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ellen tẹ́tí sí i bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó délé, ó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ojú ń tì í ni. Bí wọ́n bá béèrè Alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní ó ń sinmi. Ó gbààwẹ̀ títí ìbàdí fi gbẹ. Ó gbàdúrà tí orúnkún rẹ̀ fi le. Kò rí ìyípadà kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Alàgbà bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa tí kò lè parí rẹ̀, ìbéèrè kan wọ inú Ellen, kò sì jáde mọ́: ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pe Ọlọ́run, bó bá gbàgbé Ọlọ́run, ṣé Ọlọ́run náà lè gbàgbé rẹ̀? Kò bi pásítọ̀. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláboyún ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹnu wo ló máa fi béèrè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù keje ọdún 1996 ni nǹkan bẹ́. Ellen lọ sá aṣọ sẹ́yìnkùlé. Kó tó padà wọlé, Alàgbà ti lọ. Ó wá a dé ọ̀nà odò, ó wá a dé ìsọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá bi í pé kí ló ń wá, á ní, “Kò sí o, mò ń nasẹ̀ ni.” Ọ̀sán pọ́n kó tó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Sájẹ́ńtì tó wà nídìí tábìlì ń jẹ́ Lìádì, mùsùlùmí ọmọ Ṣàgámù, ọkùnrin sísanra tó fẹ́ràn àwàdà.

“Ọkọ mi ló jáde láàárọ̀,” Ellen ní, “kò tíì wọlé.”

“Màmá, bá a bá ní ká máa wá gbogbo ọkùnrin tó jáde láàárọ̀ tí kò tíì wọlé lọ́sàn-án, àwa gan-an ò ní lè délé.” Lìádì fa ìwé sọ́dọ̀. “Ó dáa. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?”

“Mẹ́rìnléláàádọ́rin.”

“Ṣé orí wọn pé?”

Ellen wẹ̀yìn. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Àjọkẹ́, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ellen tẹ orí sílẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Kò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́.”

Yàtọ̀ sí orúkọ ọkọ rẹ̀, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Lìádì náà kò béèrè aṣọ tó wọ̀. Ohun tó yé e ló kọ, òun náà ló sì fi wókì-tókì sọ fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà: wèrè arúgbó kan tó ń jẹ́ Oyèbọ̀dé ń rìn kiri, kí wọ́n la ojú.

Wọ́n la ojú lóòótọ́. Kọ́nsítébù Dúrótìmí àti ẹnìkejì rẹ̀, tí wọ́n dúró sójú ọ̀nà Ògèrè, mú wèrè kan tó ru táyà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń bi í bóyá òun ni Oyèbọ̀dé. Ibi tí wọ́n ti ń bá a fa èyí ni bàbá kan ti yọ sí wọn, kóòtù dúdú, táì, Bíbélì lábíyá. Dúrótìmí ṣí fìlà.

“Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́.”

Alàgbà kò sì kọ̀. Ó gbàdúrà fún wọn kí Ẹni tí kì í sùn máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, kí ọmọ wọn má ṣe di ọmọ òrukàn. Dúrótìmí sọ lẹ́yìn náà pé omi bọ́ lójú òun. Ó bi Pásítọ̀ pé níbo ni wọ́n ń lọ, Pásítọ̀ ní òun ń lọ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń dúró. Ta ni ò mọ̀ pé ilẹ̀ Rẹ́mọ kún fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń ṣe ìsọjí lọ́jọ́ gbogbo? Dúrótìmí dá ọkọ̀ tó kó ọsàn dúró. “Gbé Pásítọ̀. Má gba owó lọ́wọ́ wọn o.” Inú awakọ̀ dùn pé òun gbé ẹni Ọlọ́run. Ó já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tó rí ní Ògèrè, ó júwọ́ sí i, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó rí i. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ló bá a láàárín tírélà méjì, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Òjò ti pa á. Bàtà kan ti lọ, iwájú orí ti bó, ètè ti gbẹ. Bíbélì ṣì wà lábíyá rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò ní ọsibítù. Démiládé, ọmọkùnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Èkó, sáré wálé. Ó wo bàbá rẹ̀, ó jáde síta, ó sunkún, ó tún wọlé.

“Màmá, irin la máa fi sí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ óò máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.”

“Ẹlẹ́wọ̀n ni bàbá rẹ?”

“Ẹlẹ́wọ̀n tó wà láàyè sàn ju ẹni òmìnira tí tírélà pa.”

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Alàgbà lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. “Ẹ ṣí i,” ló ń wí, “àwọn ènìyàn wà lóòrùn.” Kò jẹun. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ellen ṣílẹ̀kùn náà, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

“Fún mi láyè di ìparí ọdún. Bí bàbá rẹ bá tún sọnù kó tó dìgbà náà, mo gbà fún ọ. Èmi fúnra mi ni màá ti ilẹ̀kùn.”

“Màmá, ẹ̀ ń fi ẹ̀mí wọn ta tẹ́tẹ́.”

“Mo mọ̀,” Ellen ní. Ó mọ̀ lóòótọ́. Oorun tó sùn lóṣù náà kò tó nǹkan.

Ó padà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí Dúrótìmí rí i, ó bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Sájẹ́ńtì Lìádì dìde, ó ń wo ilẹ̀.

“Màmá, a jẹ̀bi yín.”

“Èmi náà jẹ̀bi,” Ellen ní. “Ẹ béèrè, mi ò sọ. Àjọkẹ́ ni mò ń bẹ̀rù, mi ò bẹ̀rù tírélà. Sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kó jáde, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípíò yín ni mo wá rí.”

Dípíò, ọ̀gá àgọ́ náà, gbọ́ pé ó fẹ́ kọ́ àwọn ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ń bá irú Alàgbà lò, ó mi orí. “Màmá, ọlọ́pàá làwọn ọmọ yìí. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

“Ọ̀gá, bí àgbà bá ṣìnà dé ojú títì, ta ló ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀? Ṣé èmi tí mo wà nílé ìdáná ni àbí ẹ̀yin?”

Dípíò fún un ní wákàtí kan láràárọ̀ Ọjọ́rú, lábẹ́ igi tó wà níwájú àgọ́, kí wọ́n tó pín iṣẹ́.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á. Ẹnìkan ní, “Ṣé wọ́n á wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí ni?” Ellen ní, “Ìwọ tó o sọ̀rọ̀ yẹn, Ìpẹ̀rú ni wọ́n bí ọ sí, ẹsẹ̀ lo fi wáyé, ìyá rẹ ò sì tíì dárí jì ọ́. Jókòó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀, wọ́n sì jókòó.

Ó ní kí Dúrótìmí ṣe bí àgbà tí iyè rẹ̀ ti ra, kí Lìádì mú un lọ sílé. Lìádì na ọwọ́ mú Dúrótìmí lápá. “Baba, kí lorúkọ yín? Ilé yín ńkọ́? Ta lọmọ yín? Ẹ ò gbọ́ ni?” Dúrótìmí fa apá rẹ̀ gbà, ó sì gbá fìlà Lìádì ṣubú. Gbogbo wọn hó.

“Ó ṣe dáadáa,” Ellen ní. “Ìwọ náà, bí àjèjì bá fà ọ́ lápá lójú títì tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní gbá a? Níbo ni wọ́n ti ń pàdé àgbà tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í lórúkọ? Ilé wa la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Lìádì bẹ̀rẹ̀ mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, Ellen sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo mọ̀ pé ẹ wọ aṣọ ìjọba. Ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Iwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yọ, ẹ má yọ sí i lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ má sọ fún un pé ó ti gbàgbé. Ẹni tó bá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń dá rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe ẹni tó wọ àkísà nìkan lorí rẹ̀ ń dà rú. Bó bá sì sọ ibi tó ń lọ, ẹ ní kẹ́ ẹ jọ lọ. Ẹ bá a rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá rọra yí i padà sílé.”

Lìádì gbé ọwọ́ sókè. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. “Màmá, bá a bá ní à ń bá wọn lọ sí ibi tá a mọ̀ pé a ò lọ, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin onígbàgbọ́ lẹ̀ ń kọ́ wa nírọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà bá Ellen délé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rò ó. Ohun tí dókítà kọ́ ọ ni, ó sì ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní ká má purọ́ kò ní ká purọ́ fún ẹni tí kò lè mọ̀. Nígbà tó yá, ó bínú sí Ọlọ́run díẹ̀, ìyẹn tó fi ẹnu rẹ̀ wí pé, “Bí O bá wò ó sàn, ta ló máa béèrè irú èyí?” Ẹ̀rù bà á pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kejì, ó ní, “Sájẹ́ńtì, o borí mi. Ẹ má purọ́ fún àgbà. Bẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ máa bá a rìn, ẹ bá a rìn.”

“Kódà bó jẹ́ Ṣàgámù ló ń lọ?”

“Sájẹ́ńtì ti sanra jù,” Dúrótìmí ní. “Kò ní kọjá òpó iná kejì.”

Báyìí ni ẹ̀kọ́ náà ṣe gbèrú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Àwọn panápaná pè é. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Ìpẹ̀rú fún un ní àga, wọ́n pa rédíò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ellen dìde láàárín ìjọ, ó sọ ohun tó ń ṣe Alàgbà láì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rò pé wọn ó máa wò ó bákan. Nígbà tí ìsìn parí, Àjọkẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màmá, ìyá mi náà ni. Ọdún mẹ́ta rèé. Inú yàrá la tì wọ́n mọ́.”

Kó tó di oṣù kọkànlá, ìdílé méje ti lọ sọ fún Lìádì nípa àgbà tiwọn: orúkọ tó ń jẹ́, iṣẹ́ tó ṣe rí, ibi tó fẹ́ràn láti máa lọ. Lìádì ra ìwé tuntun fún un, ó fi bébà wé e lẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Díṣẹ́ńbà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún parí, Ellen bọ́ sílé ìwẹ̀. Ìgbà tó jáde, ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ tó bá ọmọ rẹ̀ sọ. Kò dúró wọ bàtà tó dáa. Ó gun ọ̀kadà dé àgọ́, ó sì dúró sí àárín ilé, níwájú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

“Ọkọ mi ti jáde. Arán ń ṣe é. Kóòtù dúdú, táì aláró, Bíbélì. Ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ ṣí. Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú.”

Dúrótìmí ti gbé wókì-tókì kó tó parí ọ̀rọ̀. Ohùn Lìádì dáhùn látòkèèrè, ó ní òun rí wọn, wọ́n ń kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dáhùn mọ́.

Ellen lọ sí oríta náà. Kò bá wọn. Obìnrin tó ń bó ọsàn níbẹ̀ ní òun rí ọlọ́pàá kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku fún bàbá kan, òun sì rò pé ó jẹ bàbá náà ní gbèsè ni. Wọ́n jọ rìn síwájú díẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n wá yí padà. Ellen bi í pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbà. Obìnrin náà nawọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ ló ti bá wọn, lórí àtẹ̀gùn, níwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Alàgbà ṣí Bíbélì sórí itan. Sájẹ́ńtì Lìádì jókòó tì í, fìlà lórí orúnkún, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, eruku wà ní igbáyà aṣọ ìjọba.

“Màmá, mi ò purọ́ o,” Lìádì ní. “Mo ní a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì náà la wá.”

“Kí lo máa sọ fún Lèmọ́mù bó bá gbọ́?”

“Màá ní iṣẹ́ ìjọba ni.”

Alàgbà wo Ellen. Kò mọ̀ ọ́n. Ellen rí i pé kò mọ òun, ó sì dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” Alàgbà ní. “Ẹ má bínú, àwọn ará ò tíì dé. Arákùnrin yìí ló kọ́kọ́ dé. Ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò mọ orin kankan.” Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ jókòó. Ààyè wà.”

Ellen jókòó. Ìbéèrè tó ń gbé inú rẹ̀ kò lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pariwo tó ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n jókòó títí Alàgbà fi ní ó jọ pé ìsìn ti parí, kí kálukú máa lọ sílé lálàáfíà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rìn lọ sílé.

Démiládé dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún tuntun. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi béèrè.

“Màmá, wọ́n ní Bàbá tún sọnù.”

“Wọ́n jáde,” Ellen ní. “Wọn ò sọnù. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin ọlọ́sàn àti gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ló mọ ibi tí wọ́n wà. Lọ bi Sájẹ́ńtì Lìádì.”

Démiládé lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò sọ nǹkan nípa irin fèrèsé, Ellen náà kò sì bi í. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ellen gbọ́ ohùn nínú yàrá. Ó yọjú. Démiládé ló kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, tó ń bá a de táì.

“Bàbá, níbo là ń lọ?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé o mọ ọ̀nà ibẹ̀?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa, sà,” Démiládé ní. “Ẹ fi hàn mí.”